Glele nínú gíláàsì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi látọdún 2022, ọdún tí èmi àti bàbá mi kékeré wọ tásì ní Kétu, ìlú wa ní Bẹ̀nẹ̀, a gba Pọ̀bẹ́, a gba Sàkẹ́tẹ́, a sọ̀ ní Àjàṣẹ́ ká fi àkàsà panu, ká tó dé Kùtọ̀nú lọ wo àwọn ẹrù ọba Dàhòmì àtijọ́ 26 tí Faransé dá padà.

A tò títí, ẹsẹ̀ ń ro wá. Ìgbà tá a wọlé, tá a dé iwájú ère Glele, ọba Dàhòmì, ara èèyàn, orí kìnnìún, gbogbo èèyàn ń yọ fóònù ya fọ́tò, bàbá mi kékeré kàn dúró, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní "Hẹn, ìwọ náà nìyí."

Ẹni tí kì í bá ṣe ará Kétu lè má mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun Glele ló jó ìlú wa lọ́dún 1886, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ Abọ́mẹ́, olú-ìlú Dàhòmì. Ìyá ìyá bàbá mi wà níbẹ̀, ọmọdé ni nígbà yẹn. Faransé náà wá ṣẹ́gun Bẹ̀hánzìn ọmọ Glele, Dodds ọ̀gágun wọn kó ẹrù ààfin lọ lọ́dún 1892, ìgbà tí Dàhòmì sì ṣubú làwọn èèyàn wa tó ráyè padà wá tún ilé kọ́. Ẹ wá wò ó, ẹrù ẹni tó jó wa ni wọ́n ní ká wá bá wọn yọ̀ sí.

Mi ò ní kí wọ́n má gbà á o. Wọ́n tiẹ̀ mọ ọ̀nà tí wọ́n fi gbà á. Lọ́dún 2016 ni ìjọba Bẹ̀nẹ̀ bèèrè, Faransé ní rárá, pé òfin àwọn ò gbà. Wọn ò bínú, wọ́n ń bẹ̀, wọ́n ń tọ èyí, wọ́n ń tọ tọ̀hún, tí Macron fi ṣèlérí lọ́dún 2017 ní Burkina, tí wọ́n fi ṣòfin lóṣù Kejìlá ọdún 2020, tí ẹrù fi wọlé lóṣù Kọkànlá ọdún 2021. Mo rántí ti 1990 náà, àpérò ńlá Kùtọ̀nú, Kérékou, ààrẹ tó fi ìbọn gbàjọba látọdún 1972, bíṣọ́ọ̀bù de Souza fi sùúrù bá a sọ ọ́ títí ó fi gbà kí aráàlú dìbò, ọdún kejì ó pàdánù ìbò fún Soglo, ó sì lọ sílé jẹ́ẹ́. (Ó padà wá ní 1996 ṣá, ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.)

Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ ará ìta, kò sẹ́ni tó yà ní Kétu sọ pé ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú àtijọ́, ẹrù ọkùnrin yìí ń bọ̀ o. Lọ́dọ̀ wa, Ẹ̀fẹ̀, olórin tó ń gbé agọ̀ jáde lálẹ́, ò lè la ẹnu lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kó kàn máa bú ìjòyè, ó gbọ́dọ̀ júbà àwọn ìyá ná, á kí wọn, á tún kí wọn, ìgbà tí ara wọn bá rọ̀ tán lá wá máa sọ ẹni tó jalè àti ẹni tó ń fi ipò jẹ wá níyà, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn ní Mẹ̀kọ̀ lódì kejì ẹnubodè. UNESCO ti mọ iyì rẹ̀ látọdún 2001, Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà, Tógò pọ̀ níbẹ̀, àwọn olóṣèlú wa ò kàn tíì rí i kọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀ ni. Èyí tó wá wá ìbò ládùúgbò wa ní ìjọ́sí, orí ọkọ̀ ló dúró sí, ó ń sọ Faransé, kò kí ẹnì kankan, àwọn ìyá sì gba àńkárá ẹ̀, wọn ò dìbò fún un.

Ìgbà tá a ń jáde ni bàbá mi kékeré ní kí n padà lọ ya Glele wá, òun fẹ́ fi han àwọn ìyá nílé. Mo tún lọ tò. Ìyá àgbà kan lágbo ilé wa gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fà á mọ́jú, ó wò ó, ó wò ó, ó ní, "Bó ṣe mọ náà nìyí?"