Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́: ẹ ṣọ́ lẹ́tà ẹ̀sùn

Inú ṣì ń bí mi. Ilé ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá akẹ́kọ̀ọ́kùnrin kan tí ìgbìmọ̀ ìbáwí ti lé lọ padà sí kíláàsì. Adájọ́ ò sọ pé kò jẹ̀bi o. Kò tilẹ̀ dé ìdí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́tà ìlélọ ló kà, ó rí i pé ìgbìmọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà “jẹ̀bi ìfipábánilòpọ̀”, ó sì fagi lé e. Ọmọbìnrin tó fẹjọ́ sùn jókòó sí kóòtù, ó ń gbọ́ ọ. Gbogbo ohun tó ti fẹnu ara rẹ̀ ròyìn níwájú àwọn àgbàlagbà, ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà á lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin náà ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀, a dúpẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jókòó sí irú ìgbìmọ̀ yìí, ẹ gbọ́. Láti 1986, nínú ẹjọ́ Garba àti Yunifásítì Maiduguri, ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti là á mọ́lẹ̀ pé ìgbìmọ̀ ilé ìwé ò lágbára láti dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi ìwà ọ̀daràn. Rògbòdìyàn ló fa tiwọn. Igbákejì gíwá tí wọ́n ba nǹkan rẹ̀ jẹ́ ló tún ṣe alága ìwádìí. Ìwà ọ̀daràn ni ìfipábánilòpọ̀. Ọlọ́pàá àti kóòtù ló ni ín, ẹ sì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí ìgbìmọ̀ lè gbọ́ ni ìwà tí ìwé òfin akẹ́kọ̀ọ́ kà léèwọ̀. Ìwà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀: o wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì obìnrin lẹ́yìn àkókò àlejò, o fọwọ́ kàn án lára lẹ́yìn tó ti ní kó o má ṣe bẹ́ẹ̀, o halẹ̀ mọ́ ọn lórí WhatsApp lọ́jọ́ kejì. Ẹ kọ nọ́ńbà òfin tó rú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá ṣubú, ìyókù á dúró.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, tó ní kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni kí wọ́n tó dá a lẹ́jọ́, ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀dà ẹ̀rí ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́dà họ́sítẹ́ẹ̀lì tó bá jẹ́rìí ò gbọdọ̀ padà wá jókòó dájọ́. Ìbéèrè lè gba ọwọ́ alága kọjá, kí ọmọbìnrin tó fẹjọ́ sùn àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn má bàa kojú ara wọn. Ẹni tó bá ní mò ń gbèjà àwọn ọmọkùnrin, ẹ ò rí ojú ọmọbìnrin yẹn ní kóòtù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lé ọmọ lọ fẹjọ́ sùn, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ. Oògùn tó ń dènà HIV kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 72 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ọjọ́ 28 ni wọ́n sì ń lò ó. Ti oyún ò gbọdọ̀ kọjá wákàtí 120, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Kó má tíì wẹ̀. Àpò bébà ni kẹ́ ẹ kó aṣọ sí, torí nínú ọ̀rá ọ̀rinrin á mú kó bu, ẹ̀rí á bàjẹ́. L'Ékòó, Mirabel Centre, ibùdó ìtọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lòpọ̀, ní LASUTH (ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó), Ìkẹjà, ń tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀sùn sí ilé ìwé ní ẹ̀dà méjì: ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tiyín. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ WhatsApp rẹ́, ẹ má sì ta fóònù náà. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè bí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ṣe jáde látinú ẹ̀rọ.

Bí ẹnì kan bá máa kó kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nígbà ìwádìí, kó má jẹ́ ọmọbìnrin náà.

Kí lẹ́tà ìdájọ́ tó kúrò ní ọ́fíìsì rẹjísírà, ẹ fún agbẹjọ́rò ilé ìwé kà. Bó bá bá “ìfipábánilòpọ̀” níbẹ̀, kí akọ̀wé tún un kọ.