Ìyá oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ da fóònù mi dojú dé

Okun o, ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ áàpù. Ẹ wá gbọ́ bí ojú ṣe tì mí ní Kàbbà.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó sídìí áàpù kan tí àwọn akọrin lè fi ṣeré pọ̀ láì kúrò nílé. Ẹni tó wà ní Kàbbà á lé orin, ará Ẹ̀gbẹ̀ á gbè é, ará Ìsánlú á lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sí i. Lórí tábìlì mi, ó dùn bí oyin. Kí ló fẹ́ mú un má dùn? Èmi ni mo ń lé, èmi náà ni mo ń gbè! Ìgbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá kan tó máa ń kọrin níbi ìgbéyàwó àti òkú àgbà, kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi dàrú. Ẹni tó ń lé ti parí, ègbè ò tíì dé. Ó dúró dè wọ́n. Àwọn náà gbọ́ pé ó ń falẹ̀, ni wọ́n bá túbọ̀ falẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, orin ijó ti di orin arò.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ta ni kì í dá a lẹ́bi lágbègbè wa? Àmọ́ ẹ bá mi ṣírò ó. Ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní sẹ́kọ́ǹdù kan. Bí onílù bá jìnnà sí yín ní mítà 10, ìlù rẹ̀ ti pẹ́ tó mìlísẹ́kọ́ǹdù 29 (ẹgbẹ̀rún mìlísẹ́kọ́ǹdù ló wà nínú sẹ́kọ́ǹdù kan) kó tó wọ etí yín. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Chris Chafe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford fi èèyàn méjì-méjì sí yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pé kí wọ́n jọ máa pàtẹ́wọ́: bí ohùn ṣe ń pẹ́ sí i lójú ọ̀nà ni àtẹ́wọ́ ń falẹ̀ sí i. Sáfà tí mo háyà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí gbogbo orin ń gbà kọjá, ńkọ́? Lọ́ńdọ̀nù ló wà. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà fáíbà ń sáré tó kìlómítà 200,000 ní sẹ́kọ́ǹdù kan, síbẹ̀ àlọ àti àbọ̀ Lọ́ńdọ̀nù lé ní kìlómítà 9,000. Mìlísẹ́kọ́ǹdù 45 ti lọ nìyẹn, kí orin Kàbbà tó dé Ẹ̀gbẹ̀ tó wà nítòsí. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tún ki íàpíìsì Bluetooth bọ etí, èyí tó lè fi mìlísẹ́kọ́ǹdù 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kún un. Kò sí kóòdù tó lè lé ìyẹn bá.

Àwọn tó ṣe NINJAM ní 2005, áàpù tí àwọn akọrin fi ń ṣeré pọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbọ́n jù mí lọ. Wọn ò bá ìpẹ́ jà rárá. Ṣe ni wọ́n fà á gùn títí ó fi bá ìwọ̀n orin mu, tí oníkálukú ń ṣeré lé ohun tí àwọn yòókù ṣe ní ìpele tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Èmi náà wá rántí pé orin tiwa, ẹnìkan ní í lé kí àwọn yòókù tó gbè. Mo bá yí i padà: ẹni tó ń lé á fi tirẹ̀ ránṣẹ́, ègbè á gbè é nígbà tó bá dé ọ̀dọ̀ wọn, bí ẹni ń gbé igbá ẹmu fún ara wọn.

Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ò tíì dún o. Mo wá a títí. Àṣé ohun tó ń pa ariwo nínú fóònù ló ń pa á, torí létí ẹ̀rọ, ṣàà-ṣàà ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ariwo fáànù ò yàtọ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń pa ohun tó ń pa ariwo yẹn, kí ẹ tó gbé orin wa sórí ẹ̀rọ.

Èyí tó dùn mí jù ni skrínì. Mo ti ya ìlà aláwọ̀ mèremère tó ń sáré, pupa bá ti dé, kí ègbè wọlé. Ìyá oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wò ó, ó ṣìnà, ó tún wò ó, ó tún ṣìnà. Ó bá da fóònù dojú dé sórí ẹní. "Ọmọ mi, ojú méjì péré l'Ọlọ́run fún mi. Ṣé fóònù ni kí n máa wò ni, àbí ẹnu ẹni tó ń lé orin?" Mo jókòó, mo wá ń wò wọ́n. Ẹni tó ń lé máa ń fa èémí, èjìká rẹ̀ á gbéra díẹ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti gòkè kí èjìká náà tó sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fi oṣù mẹ́rin yà, èjìká ìyá kan ti ń ṣe é.

Ti pínpín orin, díẹ̀ ni mo máa sọ. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ni mo ṣe: tẹ̀ ẹ́, gbogbo ayé á gbọ́. Ọmọ-ọmọ ọ̀kan nínú wọn tẹ orin tí wọ́n kọ fún ọ̀rẹ́ wọn tó papò dà. Ọmọ olóògbé náà gbọ́ ọ ní Àbújá kí ẹbí tó túfọ̀ fún un. Mo lọ dọ̀bálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orin kì í jáde nínú agbo àyàfi bí ẹni tó lé e bá ní kó jáde.

Ní báyìí, fóònù kan ló máa ń wà láàárín ẹní, skrínì rẹ̀ á ṣókùnkùn, gbígba ohùn nìkan ló ń ṣe. Ìṣòro tó kù ni pé bí ìpè bá wọlé, gbígba ohùn á dúró, ìyá oníṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ní ọmọ mẹ́fà tó fẹ́ràn láti máa pè é ní ìrọ̀lẹ́.