Òtútù kọ́ ló fẹ́ pa àwọn adìẹ mi

Ní oṣù Keje ọdún tó kọjá, òjò fi ọjọ́ mẹ́rin rọ̀ ní Odòńgúnyán, kò dá. Òròmọdìẹ bróílà, irú adìẹ tí a ń sìn fún ẹran, 200 ló wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, wọn ò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Atẹ́gùn òjò ń gba ojú wáyà nẹ́ẹ̀tì wọlé, wọ́n ń kó jọ sójú kan, wọ́n ń ké. Àánú wọn ṣe mí. Mo ta tapólì yí ilé wọn ká láti ìdí òrùlé títí dé orí búlọ́ọ̀kù, mo so ó pinpin, mo gbé ìkòkò èédú méjì sí àárín wọn, mo lọ sùn.

Ilẹ̀ mọ́, mọ́kànlá ti kú. Àwọn tó kù ń pa ojú dé.

Bàbá tó ń sin léyà, adìẹ ẹlẹ́yin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yọjú wò ó. "Ta ló ní kó o pọ́n wọn bí ẹ̀kọ?"

Mo ní, "Bàbá, òtútù ni mò ń lé."

"Kúnlẹ̀. Gbé imú ẹ síbi tí imú adìẹ wà."

Mo kúnlẹ̀, mo tẹ orí ba. Kíá ni ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, omijé ń dà. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lórí ìdúró, òórùn yẹn ò tó nǹkan. Mo bu èérún pákó tí mo tẹ́ sílẹ̀ fún wọn, mo fi ọwọ́ fún un pọ̀: ó dì mù bí ẹ̀bà.

Omi ló pọ̀ jù nínú ìgbẹ́ adìẹ, èémí wọn náà sì ń gbé omi jáde. Bí omi yẹn ò bá rí ọ̀nà lọ, inú èérún pákó ló ń padà sí, kòkòrò tí ojú ò lè rí á máa jẹ ìgbẹ́ náà, gáàsì olóòórùn líle tí wọ́n ń pè ní ammonia á sì máa tú jáde. Òun ló ń jó wọn lójú, tó ń bó inú ọ̀nà ọ̀fun wọn, tí ikọ́ àti ikun fi ń ríbi wọlé. Èédú tí kò rí afẹ́fẹ́ tó tún burú sí i: carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń tú jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀.

Mo ròyìn fún àbúrò mi ní Kánádà, ó ní òun náà ti ṣe irú ẹ̀ rí. Adìẹ mẹ́fà ló ń sìn lẹ́yìn ilé. Nígbà tí yìnyín bọ́ sílẹ̀, ó dí gbogbo ihò ilé wọn pa. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, omi ti ń kán lára gíláàsì fèrèsé láti inú, ẹnu ogbe orí wọn ti dúdú. Ọ̀rinrin ló jẹ́ kí òtútù rí wọn mú. Ara adìẹ máa ń gbóná tó 41°C, ìyẹ́ rẹ̀ sì tó o ní aṣọ, bí kò bá ṣáà ti tutù. Ló bá la ihò sábẹ́ òrùlé, ní òkè orí igi tí wọ́n ń sùn lé, níbi tí atẹ́gùn ò ti ní fẹ́ lù wọ́n lára.

Ìsàlẹ̀ ni mo kan tapólì tèmi mọ́ báyìí. Mo máa ń fà á sókè, kí àlàfo ẹsẹ̀ bàtà kan ṣẹ́ kù lókè, ì báà jẹ́ òjò, ì báà jẹ́ ọyẹ́. Àràárọ̀ ni mò ń tú èérún pákó, èyí tó bá ti dì nídìí omi mímu wọn, mo ń kó o dànù.

Òjò rọ̀ mọ́jú òní. Mo lọ kúnlẹ̀ láàárín wọn ní aago mẹ́fà, òórùn pákó nìkan ni mo gbọ́.