Ọmọ Yorùbá ló wà nínú ẹ̀dá burúkú yẹn o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wo Alien, fíìmù ẹlẹ́rù tí Ridley Scott ṣe ní 1979, ṣé ẹ mọ̀ pé Bọ́lájí Badejo, ọmọ Èkó, ló wà nínú aṣọ ẹ̀dá burúkú tó ń pa èèyàn nínú fíìmù yẹn? Bọ̀dá yìí ga fíofío, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àbọ̀, apá ẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn, iṣẹ́ ọnà ló ń kọ́ ní London, kì í ṣe òṣèré rárá, inú páàbù ni wọ́n ti rí i. Giger ará Switzerland ló ya ẹ̀dá náà, Carlo Rambaldi ló ṣe ẹ̀rọ inú orí ẹ̀. Itọ́ tó ń ṣe yọ̀ọ̀ lẹ́nu ẹ̀ yẹn, K-Y Jelly, jẹ́ẹ̀lì yíyọ̀ táwọn dókítà máa ń lò, lásán ni jàre! Ìrù ẹ̀ ò sì jẹ́ kí Bọ́lájí lè jókòó sórí àga, jangirọ́fà ni wọ́n so fún un kó lè máa fìdí lé e.

Ibi tí ọmọ ẹ̀dá náà ti já jáde láti àyà òṣèré John Hurt ńkọ́? Àwọn òṣèré yòókù mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, àmọ́ wọn ò mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó, ló bá fọ́n sí Veronica Cartwright, ọ̀kan nínú wọn, lójú, igbe tó ké yẹn kì í ṣe eré o.

Wọ́n gba Oscar fún iṣẹ́ àrà inú fíìmù náà (visual effects) ní 1980, kò sí orúkọ Bọ́lájí níbẹ̀. Kò tún ṣe fíìmù míì mọ́ títí tó fi kú ní 1992. Lójú tèmi, òun ló ṣe iṣẹ́ jù.