Nígbà Tí Yunifásítì Bá Fi Òfin De Ẹnu Akẹ́kọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ a máa dunni ju ẹgba lọ. Ẹni tí wọ́n bú nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ níbi tí ó ti wá kàwé, ẹ má ṣe sọ fún un pé kí ó gbójú fò ó. Síbẹ̀, n kò fara mọ́ ọn pé kí yunifásítì máa fi òfin de ọ̀rọ̀ ẹnu akẹ́kọ̀ọ́, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà ni ó jẹ́ kí èyí dá mi lójú.

Ní ọdún 1987, wọ́n rí ìwé ìléwọ́ kan nínú ọgbà náà tí ó ní kí wọ́n máa dọdẹ àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwàdà ìkórìíra sì tún jáde lórí rédíò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kò sí alákòóso tí ó yẹ kí ó káwọ́ gbera máa wo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di 1988, wọ́n gbé òfin jáde tí ó ka ọ̀rọ̀ tí ó bá tàbùkù ènìyàn nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn tàbí jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin léèwọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti gboyè àkọ́kọ́, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ jẹ mọ́ bí ẹ̀yà ara ṣe ń darí ìwà, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù pé ìjíròrò lásán nípa ìyàtọ̀ àárín ọkùnrin àti obìnrin lè kó òun sí wàhálà. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ pamọ́, ó sì pe yunifásítì lẹ́jọ́.

Ní kóòtù, wọ́n bi agbẹjọ́rò yunifásítì bí yóò ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rọ̀ tí ó kàn ń bíni nínú, tí òfin orílẹ̀-èdè fàyè gbà, àti èyí tí òfin tiwọn kà léèwọ̀. Ó ní ìṣọ́ra gidigidi ni òun yóò fi ṣe é. Bí ẹni tí ó ń gbèjà òfin kò bá rí ju èyí sọ, kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún yóò ṣe, bí kò ṣe kí ó panu mọ́? Adájọ́ Avern Cohn fagi lé òfin náà ní ọdún 1989, nítorí pé ó tako òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà fọwọ́ sí.

Èyí tí ó ká mi lára jù lọ nínú ìdájọ́ náà ni ti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Wọ́n ní kí kálukú sọ ohun tí ó ń kọ ọ́ lóminú nípa ẹ̀kọ́ kan, ó sì sọ pé òun gbọ́ pé ẹ̀kọ́ náà máa ń ni àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ lára, àti pé wọn kì í ṣe ẹ̀tọ́ fún wọn. Olùkọ́ rẹ̀, tí òun náà wá láti inú irú ẹ̀yà bẹ́ẹ̀, fẹjọ́ sùn pé ọ̀rọ̀ yìí lè ba iṣẹ́ òun jẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ ìwé ìtọrọ-àforíjì. Ẹ wò ó dáadáa: ẹni tí ó ń sọ nípa ìyà àwọn tí òfin náà fẹ́ dáàbò bò ni òfin náà mú.

Òfin Yunifásítì Wisconsin bá ti Michigan lọ ní 1991. Yunifásítì Stanford kì í ṣe ti ìjọba, nítorí náà ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò dè é, ṣùgbọ́n òfin ìpínlẹ̀ California ti ọdún 1992, tí ó fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì aládàáni náà ní irú òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ bẹ́ẹ̀, ni ilé ẹjọ́ fi fagi lé tirẹ̀ ní 1995.

Ẹni tí ó bá halẹ̀ mọ́ ènìyàn, tàbí tí ó ń tẹ̀ lé e kiri láti dẹ́rù bà á, kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́, nítorí òfin ìlú ti wà fún ìyẹn. Ní ti àwàdà orí rédíò, ọ̀gá yunifásítì fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó jáde ní gbangba, kí ó pè é ní ohun tí ó jẹ́, kí ó sì dúró ti àwọn tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.