Skánà ti ń ṣiṣẹ́, orúkọ fáìlì ló kù

Òní náà, ìdí skánà la tún wà látàárọ̀, à ń kó àwọn ìwé tó wà nínú kábíńẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì wa sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ò bá ṣe é rí á rò pé kéèyàn kàn máa ki pépà bọnú ẹ̀rọ ni, kò mọ̀ pé yíyọ pín ara ẹ̀ gan-an niṣẹ́, pín kan ṣoṣo tójú bá fò, pépà ti há nìyẹn, ẹ ó tún ṣí ẹ̀rọ, ẹ ó máa fà á díẹ̀díẹ̀ kó má bàa ya. 300 dpi la gbé e sí, ìyẹn iye àmì tíńtìntín tí skánà ń kà nínú íńṣì kan, ìyẹn ti tó fún ìwé tí wọ́n tẹ̀, tẹ́ ẹ bá lọ sókè jùyẹn fáìlì á kàn sanra lásán ni.

Rìsíìtì ló dùn mí jù o. Àwọn rìsíìtì ẹ̀rọ yẹn, kì í ṣe íńkì ni wọ́n fi kọ ọ́, ooru ló ń mú kí pépà yẹn dúdú, ìdí nìyẹn tó fi máa ń parẹ́ tó bá pẹ́ tàbí tí oòrùn ń pa á. A ṣí fáìlì kan báyìí, funfun báláú, ta ló ra kí ni, èló ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ mọ́. Àwọn ìyẹn ni mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ máa gbé wọlé, lẹ́tà àtijọ́ tẹ́nikẹ́ni ò ní bèèrè láéláé lè dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ á sọ òótọ́, fáìlì tó bá ń jẹ́ "Scan0047", orúkọ tí skánà fún un fúnra ẹ̀, ò yàtọ̀ sí èyí tó sọnù. Àǹtí tó ń tọ́jú kábíńẹ́ẹ̀tì wa, kò síwèé tẹ́ ẹ máa bèèrè tí wọn ò ní mọ dúrọ́ọ̀ tó wà, wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan, orí wọn ni gbogbo ẹ̀ wà. Àwọn ọmọ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà fẹ́ máa to fódà bó ṣe wù wọ́n, mo ní rárá, Àǹtí ló máa sọ ọ́. Àǹtí kọ́kọ́ fajú ro, "ṣé kí n wá fọwọ́ ara mi lé ara mi kúrò níbi iṣẹ́ ni?" Mi ò dá wọn lẹ́bi. Mo ní, "Àǹtí, tẹ́ ẹ bá ń wáwèé, kí lẹ kọ́kọ́ máa ń rántí?" Wọ́n ní orúkọ oníbàárà ni, lẹ́yìn náà ọjọ́. Ó parí! Oníbàárà kan, fódà kan, ọjọ́ ló máa ṣáájú orúkọ fáìlì, ọdún ni kó sì bẹ̀rẹ̀, kí oṣù tẹ̀ lé e, kí ọjọ́ inú oṣù gbẹ̀yìn: 2024-03-07. Bí ọdún bá ṣáájú, kọ̀ǹpútà á tò ó fúnra ẹ̀, tó bá jẹ́ ọjọ́ inú oṣù lẹ fi ṣáájú, gbogbo ọjọ́ keje oṣù tó wà láyé á kóra jọ síbì kan.

OCR, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ọ̀rọ̀ inú àwòrán ìwé, ń gbìyànjú jàre, àmọ́ kì í sábà gbọ́ ìwé ọwọ́ dáadáa, ó sì máa ń pe òdo ní lẹ́tà O, torí náà ojú èèyàn gbọ́dọ̀ tún iye owó wò. PDF/A la fi ń séèfù, irú PDF tí ISO, àjọ àgbáyé tó ń ṣètò ìlànà, gbé jáde ní 2005 fún ìwé tó máa pẹ́ nílẹ̀, fọ́ǹtì ẹ̀ wà nínú ẹ̀.

Ẹnì kan ti gbé àpò wá o, ó fẹ́ kó gbogbo pépà tá a ti skánì dànù! Mo ní kó gbé àpò ẹ̀ kúrò ńbẹ̀, títí lọ́yà fi máa sọ èyí tí ojúlówó ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀.

Lọ́la, ọ̀rọ̀ ta ló lè ṣí fódà owó oṣù la máa jà lé lórí. Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ ló ń bá wa yanjú ìyẹn tẹ́lẹ̀, ní báyìí gbogbo wa la mọ pásíwọ́ọ̀dù kan náà, ìyẹn ò sì lè rí bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ máa fi parí.