Àyẹ̀wò ọdún mi: ohùn, apá àti gángan

Ọdún ń lọ sópin. Ọyẹ́ ti wọ Àkúrẹ́, ètò orin Kérésìmesì ti parí ní ilé ẹ̀kọ́ àti ní ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn mi sì ṣì ń jáde dáadáa. Ìyẹn ni mo kọ́kọ́ fẹ́ dúpẹ́ lé lórí, torí lọ́dọọdún, bí a bá fi máa dé àsìkò yìí, ohùn mi ti máa ń há.

Olùkọ́ orin ni mí. Mo tún ń ṣe eré ìdárayá nínú ilé lọ́dún yìí, mo sì ń kọ́ gángan. Àwọn tó fẹ́ràn mi bẹ̀rù pé ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa pa ìyókù lára. Ohun tí ojú mi rí yàtọ̀. Apá tí mo ń fún lókun ní fàráǹdà ni mo fi ń fún gángan mọ́ ìhà, etí tí gángan sì là fún mi ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ẹ̀yìn tó ń dùn mí ló mú mi bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Ẹni tó ń jókòó ti dùùrù tó tún ń dìde darí akọrin, ejìká àti ìbàdí rẹ̀ ló ń jẹ ìyà iṣẹ́ náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn ìṣẹ́jú 150 sí 300 eré ìdárayá tí kò le jù lọ́sẹ̀ fún àgbàlagbà, pẹ̀lú iṣẹ́ tó ń mú iṣan le fún ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́nà márùn-ún, 150 pé. N kò lè máa wọ ọkọ̀ lọ sí Alágbàká, àdúgbò kan ní Àkúrẹ́, ní ìdájí nítorí eré ìdárayá, kí n tún padà wá wẹ̀ kí ásẹ́ńbílì tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ilé ni mo ń ṣe é sí: okùn fífò, jíjókòó-dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan, àti kẹ́ẹ̀gì oní-lítà 5 méjì tí mo bu omi kún. Kílò márùn-ún ló wà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan. Iyán ọjọ́ Àìkú náà wọ̀ ọ́ o. Ẹni tó bá gún iyán fún ilé tó kún, iṣan rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Èémí mi ni mo kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ nínú rẹ̀. Iṣan pẹrẹsẹ tó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀fóró àti àwọn iṣan ìhà ló ń gbé orin, kì í ṣe ọ̀fun. Tí wọ́n bá rọ, ọ̀fun máa fẹ́ ṣe iṣẹ́ wọn, ibẹ̀ ni ohùn ti ń há. Nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ akọrin lọ gun Òkè Ìdànrè, àkàbà ibẹ̀ lé ní 600, síbẹ̀ mo dá orin fún wọn níbi tí a ti sinmi. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà. Ẹ wo T. K. Ekundayo Phillips, olórin ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nídìí ọ̀gán (dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì) ní Kàtídírà Kírísítì ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 títí di 1962. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ irú ọ̀gán yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ nídìí orin tó bẹ́ẹ̀ ní láti tọ́jú ara.

Ti gángan ló wà lọ́kàn mi jù. Ọ̀dọ́kùnrin kan láti ìdílé Àyàn, tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba, ló ń kọ́ mi. Mo jù ú lọ ní ọjọ́ orí dáadáa. Òun ń pè mí ní Aǹtí, èmi ń pè é ní Ọ̀gá, a sì jọ ń fi "ẹ" bá ara wa sọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀, apá mi máa ń le gbagidi. Á ní, "Aǹtí, ẹ dẹ apá yín. Ìlù ò ní sá lọ."

Ọṣán, ìyẹn okùn awọ tó yí gángan ká, ló so awọ méjèèjì pọ̀. Bí apá bá fún ọṣán, awọ á le, ohùn á ga. Bí apá bá dẹ̀, ohùn á wálẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ ohùn Yorùbá sójú pátákó ní dò, re, mí: ìsàlẹ̀, àárín, òkè. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá ni mo ti wá mọ ohun tó wà láàárín wọn. Tí ohùn òkè bá tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀, kì í kàn fò sókè, ńṣe ló ń yọ́ gòkè. Tí ti ìsàlẹ̀ bá tẹ̀lé ti òkè, ó ń yọ́ wálẹ̀. Apá lè ṣe èyí lórí gángan. Dùùrù kò lè ṣe é, torí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ti ní ohùn tirẹ̀ tí kò ní yẹ̀. Mo wá mọ ìdí tí orin Yorùbá tí àwọn ọmọ kọ́ látìdí dùùrù fi máa ń gan lẹ́nu wọn.

Mo yí ọ̀nà ìkọ́ni mi padà láti ìgbà náà. Mo ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ sọ òwe kan, kó kùn ún láìla ẹnu, kó wá sọ dò-re-mí rẹ̀, kó tó wá sọ ọ́ di orin. Orin tiwọn ni. Wọn kì í gbàgbé rẹ̀. Ó dùn mí pé inú CCA (Cultural and Creative Arts, ẹ̀kọ́ àṣà àti iṣẹ́ ọnà) ni orin wà fún àwọn ọmọ kékeré, tó ń pín àkókò pẹ̀lú eré orí ìtàgé àti iṣẹ́ ọnà. Ó yẹ kí orin ní àkókò tirẹ̀, mi ò sì ní yé sọ ọ́ ní ìpàdé olùkọ́.

Mo tún kọ́ MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ nóòtì orin. Ọ̀fẹ́ ni. Tí orin bá ga jù fún àwọn ọmọkùnrin tí ohùn wọn ń yí padà, mo lè sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Dò-re-mí ni mo ń tẹ̀ sábẹ́ nóòtì, níbi tí ọ̀rọ̀ orin máa ń wà.

Gìtá tí mo kọ sílẹ̀ ní oṣù kìíní ṣì wà lára ògiri, ibẹ̀ ni yóò sì wà. Ìrọ̀lẹ́ tí mo ní kò ju ti gángan lọ, bàbá àwọn ọmọ ló sì ń se oúnjẹ alẹ́ kí n lè lọ. Mo mọrírì rẹ̀ gan-an.

Lọ́dún tó ń bọ̀, Ọ̀gá máa wá sí ilé ẹ̀kọ́ wa láti kọ́ àwọn ọmọ ní gángan lẹ́yìn ìparí iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Òun náà ti ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀. A ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú MuseScore, ṣùgbọ́n a kò tíì fẹnu kò lórí bí a ó ṣe kọ ohùn tó ń yọ́ sórí ìwé. Òun ní kí n fa ìlà láti nóòtì kan dé èkejì. Èmi fẹ́ nóòtì kékeré méjì tó sún mọ́ra, kí àwọn ọmọ lè rí ibi tí ohùn ti gbéra àti ibi tó dé. Nínú oṣù kìíní, a máa gbé méjèèjì síwájú àwọn ọmọ, ká wo èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kà.